Ọjà Tó Tún Ara Rẹ̀ Tò

Mo rántí ìgbà tí òórùn ọṣẹ dúdú kì í kúrò nínú àpò kọ̀ǹpútà mi. Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i. Bí mo bá ti lọ kí ìyá mi ní abúlé wa lẹ́bàá Tówé, kí n tó padà sí Pọ̀bẹ́ níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, á ti ki ìdì ọṣẹ bíi mélòó kan bọ inú àpò náà, á ti fi ewé wé e, á sì ti fi okùn dì í. Ìyá mi ló ń se ọṣẹ náà fúnra rẹ̀, àdín àti omi eérú ló fi ń se é, iṣẹ́ tó bá lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Òórùn rẹ̀ kò burú. Òórùn èéfín ni àti ti àdín, òórùn obìnrin tó ti ń ro ọṣẹ lórí iná láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Ṣùgbọ́n ara mi kò gbà á nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni, mò ń bá àwọn ènìyàn pàtàkì jókòó ní mẹ́rì, ìyẹn ilé ìjọba ìbílẹ̀ wa, mo sì rò pé kò yẹ kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí ètò ìlú máa gbé òórùn balùwẹ̀ wọlé. Mo máa ń gbé àpò náà sí ẹnu fèrèsé kí atẹ́gùn lè fẹ́ ẹ. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ẹ̀rín a pa mí díẹ̀, ẹ̀rín náà kì í sì í pẹ́.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nígbà náà kò rọrùn láti ṣàlàyé. Ọ̀gá wa ló gbé e wá, ọ̀jọ̀gbọ́n kan, ọmọ Àjàṣẹ́, tí irun orí rẹ̀ ti ń funfun, tó sì máa ń bọ́ jígí ojú rẹ̀, á máa nù ún, nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ ta kókó. Ó kọ́ wa pé nǹkan tó le yàtọ̀ sí nǹkan tó so kọ́ra. Ó ní ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ le, ṣùgbọ́n mẹkáníìkì lè tú u palẹ̀, kó tún un tò, kó sì máa ṣiṣẹ́ bíi ti àná. Ìlú kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìlú, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń wo ojú ẹnì kejì kó tó gbé ẹsẹ̀. Ohun kékeré tí o fọwọ́ kàn níhìn-ín lè wó ògiri lọ́hùn-ún, ohun ńlá tí ìjọba sì náwó nára lé lórí lè má mi ewé kan ṣoṣo. Ó ní àṣìṣe àwọn tó ń ṣètò ìlú ni pé wọ́n ń ṣe bíi mẹkáníìkì. Ó tún ní ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí ọ̀rọ̀ láàárín ènìyàn kò gbọdọ̀ rò pé òun dúró sí ìta, nítorí pé bó ti ń bèèrè ọ̀rọ̀ báyìí, ó ti di ara ọ̀rọ̀ náà. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà pé ohun tó bá ojú ló bá imú, ṣùgbọ́n ìgbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n sọ ọ́ ní èdè Faransé ni mo tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo gbé ìmọ̀ náà lórí bí ẹni wé gèlè tuntun. Níbi ìkómọ àbúrò mi kan, mo dìde dúró, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún àwọn àgbà bí ìgbéyàwó méjì péré ṣe lè yí ìtàn odindi agboolé padà. Bàbá àgbà kan gbọ́ mi dé òpin, ó ní, "Ó dáa, ọmọ mi, jókòó kí oúnjẹ rẹ má tutù." Mo jókòó, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ mi ti wọ̀ ọ́ lára.

Ọ̀rọ̀ ọjà ló gbé iṣẹ́ wa dé abúlé wa. Abẹ́ àwọn igi ọdán ni ọjà wa wà láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ, ọrọọrún ni wọ́n sì ń ná an. Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ amọ̀ dúdú, irú èyí tí òjò bá ti pa tán, á gba bàtà lẹ́sẹ̀ ènìyàn, á tún gba táyà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Ní àsìkò òjò, àwọn oníbàárà láti ọ̀nà jíjìn kì í lè wọlé, ẹ̀fọ́ àti tòmátì a sì máa rà mọ́ àwọn ìyá lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí mẹ́rì fi wá olùrànlọ́wọ́, tí wọ́n sì kọ́ ọjà tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ọlọ́dà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní gudurọ́ọ̀nù. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi páànù bò ó, wọ́n sì fa omi ẹ̀rọ síbẹ̀. Ohun dáadáa ni. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ìtàn yìí kó rò pé ìkà ni àwọn tó kọ́ ọ. Wọ́n wá bi ọ̀gá wa pé báwo ni àwọn ṣe lè kó ọjà láti ibi kan lọ sí ibòmíràn láìpa ẹnikẹ́ni lára. Ọ̀gá ní ká má tí ì dáhùn. Ó ní ká kọ́kọ́ lọ wo ẹni tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń wo ojú rẹ̀.

A lọ. A tẹ́ ẹní sábẹ́ igi ọdán, a fún obìnrin kọ̀ọ̀kan ní òkúta kékeré kan àti òwú. A ní kó fi òkúta náà ṣe ara rẹ̀, kó sì na òwú láti ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó máa ń wò kó tó pinnu ohunkóhun. Àwọn ìyá rẹ́rìn-ín títí. Ìyá Onígààrí, ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú jù lọ nínú ọjà, wí pé, "Ṣé eré ọmọdé ni wọ́n kọ́ yín ní Kútọnu?" Síbẹ̀ wọ́n ṣe é. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, a rí i pé òwú tó pọ̀ jù lọ já sórí òkúta kan ṣoṣo, òkúta ìyá mi. Wọn kò pè é ní orúkọ mìíràn ju Ìyá Ọlọ́ṣẹ lọ. Kì í ṣe ìyálọ́jà, kò sì lówó. Ṣùgbọ́n kò sí ilé tí ọṣẹ rẹ̀ kì í dé. Òun ni wọ́n fi ń wẹ ọmọ tuntun, òun ni wọ́n fi ń wẹ òkú, gbogbo ẹni tó bá sì dúró ra ọṣẹ a dúró sọ̀rọ̀ díẹ̀ pẹ̀lú. Inú ọ̀gá dùn gidigidi. Inú tèmi náà dùn, ojú tún ń tì mí, àfi bíi pé wọ́n pe orúkọ ilé wa ní gbangba.

Ohun tí a rí lórí ẹní ni mo gbé sínú kọ̀ǹpútà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan di àmì róbótó kékeré kan. Mo fún àmì kọ̀ọ̀kan ní òfin tí yóò máa tẹ̀ lé, pé bí ẹni báyìí tí ò ń wò bá lọ, ìwọ náà lọ, bí ó bá dúró, ìwọ náà dúró. Bí mo bá ti tẹ bọ́tìnnì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú kọ̀ǹpútà bí èèrà, wọ́n á pé jọ, wọ́n á tú ká. Mo fi han ìyá mi nígbà tí mo lọ kí i. Ó jókòó lórí àpótí, ó tẹ ojú mọ́ ọn.

Ó bi mí pé, "Èwo lèmi níbẹ̀?"

Mo tọ́ka sí ọ̀kan tó wà létí. Òun ni, lóòótọ́, ibi tó máa ń jókòó sí ní etí ọjà ni mo fi í sí.

Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Kí ló dé tó fi dá wà?"

Mo ní, "Kò dá wà, Yèyé. Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́, ẹ ó rí i, gbogbo wọn ló ń bọ̀ wá bá yín." Mo tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì wá, wọ́n yí i ká. Ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó ní kí n tún un ṣe, mo sì tún un ṣe.

Ọjọ́ tí wọ́n pe ìpàdé, gbogbo ọjà ló wà níbẹ̀. Àwọn ará mẹ́rì wá, olórí abúlé wà níbẹ̀, ọ̀gá wa jókòó, èmi náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ tí mo rán fún ọjọ́ náà. Wọ́n bèèrè bí àwọn ìyá bá fẹ́ lọ sí ọjà tuntun. Ìyálọ́jà ń wo ìyá mi. Àwọn yòókù náà ń wo ìyá mi. Ìyá mi wo ojú mi, ó dìde, ó ní, "Àwa fẹ́. Ẹ ṣeun, a ó lọ." Kíá ni gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, gbogbo wọn sì wí pé àwọn náà fẹ́. Ọ̀gá wa kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn obìnrin gbà tọkàntọkàn.

Nígbà tí mo délé ni mo bi ìyá mi bó bá fẹ́ ọjà náà ní tòótọ́. Orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún láti ọdún mélòó kan, ọ̀nà tó lọ sí gudurọ́ọ̀nù sì jìn ju èyí tó lọ sábẹ́ igi lọ fíìfíì. Ó ń gbọn eérú nígbà náà, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ṣé kí n wá kọ̀ lójú àlejò ni? Ọmọ mi ló kó wọn wá. Bí mo bá kọ̀, ọ́n á ní ìyá tó bí i gan-an kò gbà á gbọ́." Ẹ̀yìn náà ni mo tó gbọ́ tẹnu àwọn yòókù. Àwọn náà kò fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé Ìyá Ọlọ́ṣẹ gbà, wọ́n sì rò pé ọmọ rẹ̀ ti sọ nǹkan fún un ní kọ̀rọ̀, nǹkan tó dára tí àwọn kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni odindi ọjà ṣe gba ohun tí kò sí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn tó fẹ́ ẹ. Ọ̀gá ti sọ ọ́ pé ẹni tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ ti di ara ọ̀rọ̀ náà. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú, mo tilẹ̀ fa ìlà sí i nídìí.

Wọ́n ṣí ọjà tuntun náà, a jẹ, a mu, àwọn ènìyàn ńlá ya fọ́tò. Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, kò sí ẹnì kan níbẹ̀ àfi ìyá mi. Gbogbo wọn ló ń retí kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ lọ. Onígààrí ní bí ẹlẹ́ja bá lọ òun náà á lọ, ẹlẹ́ja ní bí onígààrí bá lọ. Wọn kò sì lè padà sábẹ́ igi ọdán, nítorí pé ojú ń tì wọ́n, ẹnu wọn ni wọ́n fi wí níwájú olórí abúlé pé àwọn ti fi ibẹ̀ sílẹ̀. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Àwọn tó lágbára ń gbé ẹrù wọn lọ sí Pọ̀bẹ́, àwọn tí kò lágbára ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn fún àwọn ará ilé wọn. Koríko bẹ̀rẹ̀ sí í hù lábẹ́ igi. Ní gudurọ́ọ̀nù, páànù tuntun ń dán nínú oòrùn.

Ìyá mi kò padà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, á gbé igbá ọṣẹ karí, á rìn dé ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á jókòó lórí sìmẹ́ǹtì nínú ilé gbọ̀ngàn-gbọ̀ngàn náà, òun nìkan. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dáwọ́ dúró. Ó ní, "Ẹyin lohùn, ọmọ mi. Èmi ni mo kọ́kọ́ là á. Bí ọ́n bá rí i pé mo wà níbẹ̀, ọ́n á wá. Ṣe bí ìwọ lo fi hàn mí." Ó dùn mí dé egungun nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé òótọ́ ni, èmi ni mo fi hàn án, tí mo tẹ bọ́tìnnì tí gbogbo àmì wá yí i ká. Ó gbà pé bí nǹkan ṣe rí lójú kọ̀ǹpútà ni yóò ṣe rí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹnì kan kì í jẹ́ àwá dé, òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni. Wọn kò wá. Ọṣẹ kì í bàjẹ́, ó kàn máa ń gbẹ ni. Àwọn ìdì ọṣẹ kan náà ló ń gbé lọ, tó ń gbé bọ̀, tí wọ́n ń kéré sí i nínú ewé wọn.

Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo lọ bá àwọn ìyá náà nílé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lọ bá ìyá mi jókòó, bó ṣe ẹnì kan péré ni. Ìyá Onígààrí gbé mi dìde. Kò bá mi ṣe àwàdà lọ́jọ́ náà.

Ó ní, "Ọmọ wa, má bínú o. A ò fẹ́ lọ du àyè mọ́ ìyá rẹ lọ́wọ́ ni."

Mo ní, "Àyè wo, Ìyá?"

Ó ní, "Èyí tó o gbà fún un ní mẹ́rì. Ṣe bí a ń rí i níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ọjà, òun nìkan. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ìwọ lo gbà á fún un."

Jíjókòó tí ìyá mi jókòó kí wọ́n lè wá, òun gan-an ló ń lé wọn sá. Ẹ̀bẹ̀ tí mo sì wá bẹ̀ tún mú kó dá wọn lójú pé òótọ́ ni. Mo sọ fún ọ̀gá wa. Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́. Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án mọ́, pé gbogbo ibi tí a bá ti fọwọ́ tì í ló ń gba ibòmíràn yọ, pé irú nǹkan báyìí máa ń tún ara rẹ̀ tò bí a bá fún un láyè. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ohun tó mọ̀ ló sọ, ó sì padà já sí òótọ́.

Òjò dé. Ọdún náà, òjò kò fi ojú àánú wo ẹnikẹ́ni. Mo fún ìyá mi lówó pé kó máa gun zémìjàn lọ, kí alùpùpù máa gbé e, ó ní mímì rẹ̀ ń dun òun ní ìbàdí. Ó ń rìn nínú ẹrọ̀fọ̀ lọ, ó ń rìn bọ̀, ó sì ń jókòó lórí sìmẹ́ǹtì tútù nínú aṣọ tó ti rin. Ikọ́ mú un. Ó ní ikọ́ lásán ni. Nígbà tí mo fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní òtútù ti wọ àyà rẹ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ dé ibi tí agbára wọn mọ, wọ́n ní ká máa gbé e lọ sílé kó máa sinmi. Mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, mo lọ jókòó tì í. Èmi ni mò ń fi ọṣẹ rẹ̀ wẹ̀ ẹ́.

Àsìkò tó dùbúlẹ̀ yìí ni kàmíọ̀nù kan, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, há. Oníṣòwò Mùsùlùmí kan láti ìhà Nàìjíríà ló kó tòmátì àti ata kún un, wọ́n ń gba ọ̀nà àbùjá lọ sí Pọ̀bẹ́. Wọ́n dé oríta tó wà láàárín ọjà méjèèjì, níbi tí ọ̀nà abẹ́ igi ọdán ti yà kúrò lára ọ̀nà tó lọ sí gudurọ́ọ̀nù, amọ̀ dúdú sì di ọkọ̀ náà mú. Wọ́n tì í, kò lọ. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ nídìí rẹ̀, ó tún rì sí i. Oòrùn yọ, tòmátì bẹ̀rẹ̀ sí í tú omi jáde nínú apẹ̀rẹ̀, oníṣòwò náà sì fi igbe ta pé, "Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ìyá! Ẹ wá rà á ní iyekíye!" Àwọn ìyá gbé abọ́ jáde. Ẹnì kan rí i pé ebi ń pa àwọn tó ń ti ọkọ̀, ó lọ din àkàrà wá. Ẹlòmíràn gbé omi tútù wá. Ìyá Onígààrí rí i pé ẹni tó jẹ àkàrà lè fẹ́ mu gààrí, òun náà gbé àwo tirẹ̀ dé. Nígbà tí wọ́n fi máa fa ọkọ̀ náà jáde, ó ti di ọjà. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, wọ́n padà síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní kí wọ́n wá. Kì í ṣe ibi tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀, kì í ṣe ibi tí wọ́n gbà, nítorí náà kò sí ohun tí ojú fi lè tì wọ́n. Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gba ibẹ̀ lọ.

Mo sọ fún ìyá mi. Orí ẹní ló wà, ó tẹjú mọ́ òrùlé.

Ó ní, "Ní oríta? Kò jìnnà. Ẹsẹ̀ mi á gbé mi débẹ̀." Ó yíjú sí mi. "Ṣé ọlọ́ṣẹ ti wà níbẹ̀?"

Ọlọ́ṣẹ ti wà níbẹ̀, ọmọbìnrin kan láti abúlé kejì. Mo ní, "Kò tíì sí, Yèyé. Wọ́n fi àyè yín sílẹ̀ fún yín."

Ó mi orí. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. N ò ní dá jókòó mọ́."

Kí ilẹ̀ tó gbẹ, ó ti kú. Òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà ni, àwọn ìyá sì fi ọjà sílẹ̀ wá sunkún rẹ̀. Wọ́n sunkún tọkàntọkàn, mo rí i, n kò sì lè bínú sí wọn, nítorí pé n kò rí ẹni tí mo lè na ìka sí. Ọ̀gá wa wá láti Àjàṣẹ́, ó jókòó lórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú àwọn àgbà. Ìyá Onígààrí di mí mú, ó ń pẹ̀tù sí mi nínú pé ayé lọjà, ọ̀run nilé. Mo ń gbọ́ ọ, mo sì ń bi ara mi pé ọjà wo, nínú mẹ́ta.

Nígbà tó yá, a ní láti lọ ṣàlàyé iṣẹ́ wa ní gbọ̀ngàn mẹ́rì ní Pọ̀bẹ́. Àwọn ènìyàn wá láti Kútọnu, gbọ̀ngàn kún. Wọ́n tan àwòrán sára ògiri funfun. Àwọn àmì kéékèèké wà lábẹ́ igi, wọ́n tú ká, wọ́n rìn gbéregbère fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pé jọ sí oríta láìsí ẹni tó darí wọn. Ọ̀gá wa ṣàlàyé pé ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbèrò ló ṣẹlẹ̀, pé ọjà tún ara rẹ̀ tò, àti pé kí ìjọba máa fi àyè sílẹ̀ fún irú èyí nínú ètò rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kò wọ́pọ̀ kí ìwádìí yọrí sí rere báyìí.

Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù ló na ọwọ́ sókè. Ó tọ́ka sí ògiri, sí ibi ọjà tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ gudurọ́ọ̀nù. Ó ní òun rí àmì kan níbẹ̀ tí kò bá àwọn yòókù lọ, kí nìyẹn?

Ọ̀gá wa yẹ̀ ẹ́ wò fìrí. Ó ní, "Àṣìṣe kékeré ni. Kò bá àwọn yòókù mu, a ó yọ ọ́ kúrò."

Kì í ṣe àṣìṣe. Èmi ni mo kọ òfin àmì náà, láti ìgbà tí ìyá mi ti bi mí pé èwo ni òun. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá jókòó, mo yí òfin rẹ̀ padà, mo kọ ọ́ pé ẹni yìí, bó bá ti sọ̀rọ̀, kì í yí i padà. Lẹ́yìn tó kú, mo ṣí i lọ́pọ̀ ìgbà láti pa á rẹ́, ọwọ́ mi kò gbà á. Mo dìde dúró láàárín gbọ̀ngàn náà. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́. Ìyá mi ni."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé mo fẹ́ fi àwàdà gba oorun lójú wọn. Ọ̀gá wa kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò nù ún lọ́jọ́ náà, ó kàn mú un dání. Ó ní kí wọ́n pa àwòrán náà, pé àlàyé ti parí.

Ṣakẹ́tẹ́ ni mò ń gbé báyìí, iṣẹ́ náà ni mo ṣì ń ṣe, nítorí pé n kò mọ òmíràn. Ó ti rẹ̀ mí ju bí ọjọ́ orí mi ṣe tó lọ. Bí ọ̀nà bá gbé mi gba Tówé, mo máa ń dúró ní oríta. Ọjà náà ti gbòòrò, wọ́n ti kọ́ àtíbàbà, kò sì sí ẹni tó rántí kàmíọ̀nù mọ́. Ilé páànù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gudurọ́ọ̀nù wúlò, inú rẹ̀ ni wọ́n ń sá àgbàdo sí. Ọmọbìnrin tó ń ta ọṣẹ ti di ìyá ọlọ́mọ, ọjà rẹ̀ ń tà, òun gan-an ni àwọn yòókù ń wò lójú báyìí kí wọ́n tó pinnu. Mo máa ń ra díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ̀ mí.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé máa ń wá bá mi, wọ́n á gbé ètò wọn sílẹ̀ níwájú mi. Ètò tó dé kẹ́yìn jẹ́ ti ìlú Yókò, wọ́n fẹ́ pa ilé ẹ̀kọ́ abúlé méjì pọ̀ sójú kan. Àwọn àmì wọn rẹwà, tiwọn ní àwọ̀ oríṣiríṣi. Wọ́n ní nǹkan lè dàrú díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò tún ara rẹ̀ tò. Mo sọ fún wọn pé òótọ́ ni, èmi fúnra mi ti rí i bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà mo bi wọ́n léèrè ohun kan ṣoṣo tí mo ní láti bèèrè, pé ta ni yóò máa dá jókòó títí yóò fi tún ara rẹ̀ tò. Wọ́n wo ara wọn. Wọn kò fẹ́ já mi kulẹ̀, wọ́n ní ìbéèrè tó dára ni, ọ̀kan nínú wọn sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kó kọ̀ǹpútà mi padà sínú àpò. Ó ti pẹ́ tí òórùn ọṣẹ ti kúrò nínú rẹ̀.